Kámẹ́rà Àpò àbí SLR Àkọ́rà: Èwo ni Kí Ẹ Gbé?

Kámẹ́rà àpò kéré, SLR (kámẹ́rà tó ní dígí nínú, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣeé yọ pààrọ̀) tóbi: ọmọdé mọ̀ ọ́n, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Megapixel náà, ìyẹn iye mílíọ̀nù àmì kékeré tó para pọ̀ di fọ́tò, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Canon EOS 300D tó jáde ní 2003 kò ju megapixel 6.3 lọ, fọ́tò rẹ̀ ṣì gún régé títí dòní.

Ohun tí mo fẹ́ ká jókòó tì ni àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì àti ìgbà tí kámẹ́rà gbà láti yà á. Ibẹ̀ lowó mi gbé. Kámẹ́rà àpò ni mo kọ́kọ́ ní, mo sì lò ó fún ọdún mẹ́ta láìráhùn. Wọ́n wá bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ pé kí n ya fọ́tò ìdíje eré sísá àwọn ọmọ iléèwé kan, wọ́n tiẹ̀ sanwó sílẹ̀. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n nà sí òpin ọ̀nà. Ọmọ tó ṣíwájú na àyà, mo tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́ǹsì dún sììì, ó yọ jáde díẹ̀, ó padà wọlé, ó tún yọ jáde. Kó tó dún kẹ̀, ọmọ ti kọjá. Ríbọ́ọ̀nù tó ti já sílẹ̀ àti gìgísẹ̀ ẹnìkan ni mo bá nínú fọ́tò. Eré mẹ́fà ni wọ́n sá lọ́jọ́ náà, gìgísẹ̀ mẹ́fà ni mo yà. Mo dá owó wọn padà, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Kámẹ́rà náà kò bàjẹ́ o. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àpò kò mọ bí ohun tó wà níwájú wọn ṣe jìnnà tó. Ńṣe ni wọ́n ń ti lẹ́ǹsì síwá sẹ́yìn, tí wọ́n ń wò ó títí àwòrán á fi là, bí ẹni tó ń fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́ lálẹ́. SLR kì í wá kiri bẹ́ẹ̀. Dígí inú rẹ̀ ń darí ìmọ́lẹ̀ lọ sí ihò tí ẹ ń yọjú wò, ó sì ń bu díẹ̀ fún ẹ̀rọ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ yìí á fi ìmọ́lẹ̀ tó gba apá kan lẹ́ǹsì wọlé wé èyí tó gba apá kejì, lójú ẹsẹ̀ ló sì ti mọ ibi tó yẹ kí lẹ́ǹsì yí sí àti bó ṣe máa yí tó.

Ọgbọ́n kan wà fún ẹni tó bá ní ti àpò lọ́wọ́: ẹ tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, ẹ jẹ́ kó ti wá ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ rí, kí ẹ wá dúró de ohun tí ẹ fẹ́ yà. Ó máa ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá ti mọ ibi tí ẹni náà máa gbà. Ọmọ ọdún méjì ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ra SLR náà, ẹ dẹtí. Bí ẹ bá nà án síwájú bíi fóònù, tí ẹ ń wo gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀, dígí inú á ká sókè, ìmọ́lẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kékeré yẹn mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn SLR àkọ́rà á bẹ̀rẹ̀ sí í táràrà bíi ti àpò gan-an. Mo mọ ẹnìkan tó lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko, tó ń ké pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ojú ihò ni kí ẹ máa gbà wò ó.

Nínú yàrá tí iná kò mọ́lẹ̀, ẹ wo sensor, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. Ti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àpò kò ju mìlímítà 6.2 ní fífẹ̀ àti 4.6 ní gíga lọ, ti SLR àkọ́rà Canon tó 22.3 ní fífẹ̀ àti 14.9 ní gíga, ìyẹn, bí ẹ bá wo gbogbo ojú rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 12. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò alẹ́ ti àpò fi máa ń dà bíi pé wọ́n bu iyanrìn sí i. Àwọn àpò kan yàtọ̀ o: Sony RX100 tó jáde ní 2012 gbé sensor tó tó mìlímítà 13.2 ní fífẹ̀ àti 8.8 ní gíga, àmọ́ owó tí ẹ máa kó lé e lè gbé SLR wálé.

Bátìrì: wọ́n ka SLR àkọ́rà Nikon D3500 sí fọ́tò 1,550 kó tó kú, ọ̀pọ̀ àpò ń yí 200 sí 300 ká.

Súùmù: àpò ló borí. Lẹ́ǹsì mìlímítà 18-55 tí wọ́n ń fi kún SLR kì í fa nǹkan jìnnà súnmọ́ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, ẹ ti máa fi owó lẹ́ǹsì kejì sọ́kàn.

Ìwúwo: àpò náà ló borí. D3500 pẹ̀lú lẹ́ǹsì rẹ̀ ń lọ sí gíráàmù 620, RX100 jẹ́ 240. SLR tèmi ti sùn sílé lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò ní parọ́.

Eruku: bí iyanrìn bá wọ lẹ́ǹsì àpò tó ń yọ jáde, ó lè há síbẹ̀ pátápátá. Ti SLR máa ń bà lé sensor nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì, ó ṣeé nù.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ òkè, ilé àti òdòdó lẹ fẹ́ máa yà, àpò tó yín, ẹ má wulẹ̀ gbé ẹrù wúwo. Bó bá jẹ́ ohun ẹlẹ́sẹ̀ tàbí abìyẹ́ ni, ẹ ti mọ ohun tí mo máa sọ. Àlòkù SLR pọ̀ nísinsìnyí tí àwọn iléeṣẹ́ ti kọjú sí kámẹ́rà aláìnídígí. Ẹ kàn bèèrè iye fọ́tò tó ti yà.

Èyíkéyìí tó wù kí ẹ mú, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á rìn bọ̀ wá bá yín. Ẹ tẹ bọ́tìnnì nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bá kanlẹ̀, kí ẹ wá wo fọ́tò náà. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ òsì ló wà nílẹ̀, ẹ dá a padà fún un.