Kí ẹ tó ra drone tí wọ́n ní ó ní blockchain

Ní Amẹ́ríkà, drone tó bá yẹ kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀, gbọ́dọ̀ máa kéde ara rẹ̀ bó ṣe ń fò, àfi ní àwọn pápá tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Remote ID nìyẹn. Wi-Fi tàbí Bluetooth ló ń gbà jáde, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù kẹta ọdún 2024, FAA kò gba àwáwí mọ́.

Remote ID tó bá drone wá àti èyí tí a ń so mọ́ ọn

Èyí tó bá drone wá ń sọ ibi tí ẹni tó ń darí rẹ̀ dúró sí. Ibi tí drone ti gbéra ni èyí tí a ń so mọ́ ọn ń sọ, drone náà ò sì gbọdọ̀ kúrò lójú yín. Ẹni tó ní drone àtijọ́ ló wà fún.

Blockchain ńkọ́?

Blockchain ni ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, tó ṣòro láti yí padà. Ibí ni àwọn ọlọ́jà ti ń pọ́n ọjà wọn: "Kò sẹ́ni tó lè fi drone yín ṣe jìbìtì." Ó kù díẹ̀ káàtó. Ìkéde Remote ID lásán kò ní ìbuwọ́lù, ìyẹn àmì tó ń fi hàn pé drone yẹn gan-an ló ń kéde. Ẹni tó ní ẹ̀rọ kékeré kan lè máa kéde nọ́ńbà yín láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, blockchain ò ní gbọ́. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí inú drone, ìyẹn nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tó ń buwọ́ lu ìkéde, ló lè dá a dúró. Blockchain kàn ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ gbangba tí wọ́n fi ń yẹ ìbuwọ́lù náà wò ni, kí ẹnikẹ́ni má bàa pààrọ̀ rẹ̀. Àní RFC 9374, ìwé ìlànà tí IETF, àjọ tó ń ṣe ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, gbé jáde lọ́dún 2023, so ìdánimọ̀ drone mọ́ kọ́kọ́rọ́, kò sì sọ blockchain di dandan. Ẹ bi ọlọ́jà: níbo ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí wà? Bó bá ní ọ́fíìsì àwọn ni, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ethereum, ọ̀kan lára àwọn blockchain, wà ní gbangba. Ìṣẹ́jú àáyá 12 ló fi ń kọ búlọ́ọ̀kù (ìdì àkọsílẹ̀) kan, drone á ti kéde ara rẹ̀ nígbà 12. Owó ni wọ́n fi ń kọ nǹkan síbẹ̀, kò sì ṣeé pa rẹ́, torí náà àdírẹ́sì yín ò gbọdọ̀ débẹ̀. Hyperledger Fabric, blockchain mìíràn, ò béèrè owó crypto (owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì), àwọn tí wọ́n mọ̀ nìkan ló sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀, àkọsílẹ̀ lásán lẹ ń sanwó gọbọi lé lórí.

Ẹni tó ń fi drone kan ya fídíò ìgbéyàwó ò nílò ìkankan nínú méjèèjì. Dọ́là 5 ni ìforúkọsílẹ̀ FAA, fún ọdún mẹ́ta. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó jọ ń fò lágbègbè kan, tí wọn ò fọkàn tán ara wọn, ni mo lè ní kí wọ́n gbé Fabric yẹ̀ wò. Àwọn náà ṣì gbọ́dọ̀ rí i pé drone wọn, tàbí ẹ̀rọ Remote ID tí wọ́n so mọ́ ọn, wà nínú àkójọ tí FAA fọwọ́ sí, nítorí blockchain kò gba ipò ìyẹn.