Wákàtí mẹ́ta lẹ́sẹ̀ nínú ìtàn New York: ohun tí èmi àti ìyá mi rí

Ẹni ọdún 71 ni ìyá mi. Nígbà tó wá kí wa ní Brooklyn lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ó ní òun ò wá wo ilé gogoro, ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú náà dó lòun fẹ́ gbọ́. Mo bá ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tó máa ń mú àlejò fẹsẹ̀ rin ìsàlẹ̀ Manhattan, dọ́là 45 fún ẹnì kan, wákàtí mẹ́ta. Mo ń kọ èyí fún ẹni tó bá ń gbèrò láti mú òbí rẹ̀ lọ, nítorí àwọn nǹkan kan wà tí ǹ bá ti mọ̀ kí n tó sanwó.

Amọ̀nà wa mọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Bowling Green la ti pàdé. Kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ tó fi ní ká fọwọ́ kan irin tí wọ́n fi ṣọgbà yí pápá kékeré náà ká. Láti ọdún 1771 ni irin yẹn ti wà níbẹ̀. Orí àwọn òpó rẹ̀ rí págunpàgun lọ́wọ́. Adé ló wà lórí wọn tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1776, lẹ́yìn tí wọ́n ka Ìkéde Òmìnira sí etí àwọn ọmọ ogun, èrò ya lọ síbẹ̀, wọ́n wó ère Ọba George Kẹta lulẹ̀. Òjé ni wọ́n fi ṣe ère náà, wọ́n sì yọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n fi rọ ọta ìbọn. Ìyá mi ò tètè gbọ́wọ́ kúrò lórí irin yẹn.

Lẹ́yìn náà ni amọ̀nà wá mú wa padà sẹ́yìn: àwọn Lenape tó ni ilẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní Manahatta, Henry Hudson, atukọ̀ tó gba orí omi dé ní 1609, àwọn Dutch tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n pe ìlú wọn ní New Amsterdam, àti Peter Minuit, olórí wọn níbẹ̀, tí wọ́n ní ó ra erékùṣù náà ní 1626 pẹ̀lú ọjà tó tó owó guilder 60. Amọ̀nà ṣàlàyé pé ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí àwọn Lenape ń tà ní àtàpa bí àwọn Dutch ṣe ń tà á. Ìyá mi fà mí lápá. Ó ní, "Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n rò pé àlejò ń san fún wọn." Mo túmọ̀ rẹ̀, mo ṣàlàyé bí àlejò ṣe ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ láìsọ ilẹ̀ di tirẹ̀. Ọkùnrin náà dúró, ó fà ìwé jáde, ó ní kí n pe ọ̀rọ̀ náà fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú mi dùn sí i gan-an níbẹ̀.

Òpópó Pearl náà dára. Etí omi ni tẹ́lẹ̀, karawun ìsán (oyster) ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín òpópó náà àti odò lónìí, omi ni tẹ́lẹ̀, wọ́n dí i ni. Lẹ́bàá ibẹ̀, wọ́n fi gíláàsì bo ìpìlẹ̀ ilé ọtí kan tí wọ́n kọ́ ní 1670, ẹ ó kàn bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó rí i lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Odi ló gbé wa dé Wall Street. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe orúkọ yẹn lójoojúmọ́ láìrántí pé odi ìlú ni. Ní 1653 ni wọ́n gbé e dìde láti etí omi kan dé èkejì, àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà sì wà lára àwọn tó ru igi rẹ̀. Pákó kéékèèké tí wọ́n tẹ́ sójú títì ló ń fi ibi tí àwọn òpó rẹ̀ dúró sí hàn. Bí ẹ bá rìn sísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí àmì tí ìlú náà gbé kalẹ̀ ní 2015 nípa ọjà ẹrú tí wọ́n ń ná níbẹ̀ láti 1711 títí di 1762.

Ibí yìí ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré la lò nídìí àmì ọjà ẹrú. Mo wo aago. Níwájú Federal Hall, ní ilẹ̀ tí George Washington ti búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1789, a lo nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-dín-lọ́gbọ̀n, gbogbo wa lórí ìnàró. Ilé iṣẹ́ náà kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ìrìn náà rọ àgbàlagbà lọ́rùn. Kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan péré ló wà nínú wákàtí mẹ́ta, ẹ̀rọ tí wọ́n fún ìyá mi láti fi sétí sì dákẹ́ kí a tó dé Trinity Church, wọn ò ní òmíràn. Èmi ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ fún un títí dé òpin.

Ohun tó dùn mí jù ni Ibi Ìsìnkú Àwọn Ọmọ Áfíríkà, African Burial Ground, tí wọ́n fi ṣe ìparí. Ní 1697 ni Trinity Church fòfin de sísin òkú ọmọ Áfíríkà sínú ọgbà rẹ̀, ni wọ́n bá ń gbé òkú wọn jáde lọ sẹ́yìn odi. Ẹ ronú sí i: ara àwọn tó mọ odi ọ̀hún ni wọn ò gbà láti sin sínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé nǹkan bí 15,000 ènìyàn ni wọ́n sin síbẹ̀ kí wọ́n tó tì í ní 1794, tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ lé e, tí wọ́n sì kọ́lé sí i. Ọdún 1991 ni wọ́n tún rí i, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń walẹ̀ láti kọ́ ọ́fíìsì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbogbo èyí, níta, a ò wọlé rárá.

Ọjọ́ kejì rẹ̀, èmi àti ìyá mi nìkan padà lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀ṣọ́ á yẹ àpò yín wò bíi ti pápákọ̀ òfurufú, torí inú ilé ìjọba ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà wà, ní 290 Broadway. Ìjókòó wà níbẹ̀, ara sì tù wá. Wọ́n wú òkú 419 jáde, wọ́n gbé wọn lọ sí Yunifásítì Howard fún àyẹ̀wò, wọ́n sì dá wọn padà sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003, nínú pósí tí wọ́n gbẹ́ ní Gánà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n sin tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀, ó ju 100 lọ, pẹ̀lú owó ẹyọ.

Ìyá mi kà á, ó tún un kà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìlú tí obìnrin náà ti wá, n ò sì ní pè é ní ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ìyá mi mọ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́. Ó ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹnìkan ló ni ín. Àwọn tó sì sin ín, wọn ò tú u." A jáde lọ síbi òkìtì koríko méje tí àwọn òkú náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ìrìn náà, ti amọ̀nà ni gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹsẹ̀ yín bá le, tí ẹ sì fẹ́ mọ ti àwọn Dutch àti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lọ, owó yín ò ní ṣòfò. Bí ẹ bá mú àgbàlagbà dání, ẹ béèrè ìjókòó kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ya ọjọ́ mìíràn sọ́tọ̀ fún ibi ìsìnkú náà. Kí ìyá mi tó padà sí Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún ní kí n mú òun lọ síbẹ̀.