Ibi tí mo ti gba ológbò mi: wọ́n ṣeé gbára lé, àmọ́ akọ tí wọ́n fún mi, abo ni o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé níbo ni mo ti rí ológbò, ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí tó ti wà lọ́dọ̀ mi, mo rò pé mo lè wá sọ bó ṣe rí. Ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ológbò tí wọ́n bá rí ní títì ni, mi ò ní dárúkọ ilé náà, mi ò sì ní júwe ẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń fi nǹkan pamọ́, obìnrin tó ni ibẹ̀ ló bẹ̀ mí. Ó ní ìgbà kan tí ẹnì kan gbé àdírẹ́sì òun sórí Facebook, kí ọ̀sẹ̀ tó parí àwọn èèyàn ti ń wá já ọmọ ológbò sílẹ̀ lẹ́nu géètì òun lóru, nínú àpò sìmẹ́ǹtì, nínú garawa ọ̀dà, ọ̀kan tiẹ̀ wà nínú Ghana-must-go tí wọ́n fa síìpù ẹ̀ pa. Ẹni tó bá fẹ́ gbà lóòótọ́ kó kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, màá fún un ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ já tiẹ̀ sílẹ̀, má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu.

Kí n má parọ́, kì í ṣe àánú ló gbé mi débẹ̀. Eku ni. Ilé tí mò ń gbé ní Ṣómólú, èkúté ibẹ̀ ti kọjá kó máa sá fún èèyàn, tó o bá tan iná kíṣìnnì lóru ṣe ló máa dúró wò ẹ́ bíi pé ìwọ lo wá jalè. Mo ti lo gọ́ọ̀mù, mo ti lo ọ̀tá-pia-pia, ọ̀tá-pia-pia yẹn ló pa adìẹ Mọ́mì Táyé tá a jọ ń gbé, díẹ̀ ló kù kọ́rọ̀ yẹn dìjà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wá ní kí n lọ gba ológbò, pé kí n má ra èyí tí wọ́n ń kó sínú kéèjì tà lọ́jà, torí obìnrin kan wà lápá Kẹtu tó ń kó àwọn tó bá rí ní títì jọ, á tọ́jú wọn, á wá fún ẹni tó bá fẹ́. Mo rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ kọ́. ₦15,000 ni mo san, àmọ́ oògùn aràn wà nínú ẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà níbẹ̀ (títí kan ti dìgbòlugi, tí wọ́n máa ń gún fún un tó bá pé oṣù mẹ́ta), iṣẹ́ abẹ kó má lè bímọ náà wà níbẹ̀. Ẹ lọ bèèrè iye tí abẹ́rẹ́ nìkan jẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹran, ẹ ó rí i pé wọn ò jèrè kankan.

Fọ́ọ̀mù wọn ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ojú ewé mẹ́ta, bí ẹni ń wá físà! Ṣé lándílọ́ọ̀dù mọ̀ sí i, àjà kelòó ni mò ń gbé, ṣé nẹ́ẹ̀tì wà lójú wíńdò, ta ló máa bá mi bọ́ ọ tí mo bá lọ sílé nígbà Kérésì, ṣé mo ti sin ẹran rí, kí ló sì pa á. Ìbéèrè ìgbẹ̀yìn yẹn dùn mí o. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún ní àfi ká ṣe fídíò kọ́ọ̀lù kí wọ́n fojú ara wọn rí ilé. Ọmọdébìnrin kan ló wà lórí fóònù, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, ó ń sọ fún mi pé "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù lọ sẹ́yìn fíríìjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí i, Àǹtí." Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì ń kùn. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, lọ́rà oògùn eku kan ló wà nílẹ̀, eku ti já a, èmi fúnra mi ti gbàgbé pé mo jù ú síbẹ̀. Ọmọ yẹn ò bínú, ó kàn ní tí ológbò bá jẹ eku tó ti jẹ oògùn, òun náà ti jẹ oògùn nìyẹn, kí n gbá gbogbo ẹ̀ kúrò kí n tó wá. Mi ò kùn mọ́. Gbogbo ẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọjọ́ tí mo lọ gbé e, mo mú páálí Indomie dání, mo ti fi ọ̀bẹ dá ihò sí i lára, mo rò pé mo gbọ́n. Wọn ò gbà. Wọ́n ní tó bá tọ̀ sínú ẹ̀, ìdí páálí á rọ̀, á já, ológbò á já bọ́ sí títì, pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n yá mi ní apẹ̀rẹ̀ oníke tó ní ilẹ̀kùn, mo fi ₦5,000 dúró fún un, wọ́n sì dá owó náà padà nígbà tí mo gbé apẹ̀rẹ̀ padà fún wọn. Inú dánfó láti Kẹtu la wà, kò pariwo rárá, àfi ìgbà tá a dé Ojóta tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyá tó jókòó tì mí yọjú wo inú apẹ̀rẹ̀, ó rí ojú méjì nínú òkùnkùn. "Ológbò! Ológbò dúdú ló gbé wọ bọ́ọ̀sì yìí o, dírẹ́bà, owá!" Kò sì sọ̀kalẹ̀ o, ṣe ló sún lọ sẹ́yìn, tó ń da ẹ̀jẹ̀ Jésù bo gbogbo wa títí dé Àńtónì. Kọ́ńdọ́ ní tí kì í bá ṣe ẹrù, á jẹ́ pé èrò ni, kí n san owó ẹni méjì. Mo san án, mi ò ráyè ẹjọ́.

Ó yá, ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ mí. Káàdì tí wọ́n fún mi, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i: akọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Dúdú ni, àyà ẹ̀ funfun, ó wá ní pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn etí àti nídìí ìrù bí ìgbà tí epo ta sí i lára. Mo sọ ọ́ ní Baálé, torí ọjọ́ tó dé náà ló ti gorí àga mi tó na ẹsẹ̀. Ó pé oṣù márùn-ún, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tí wọ́n júwe fún mi pé kó bá mi tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Dókítà ò tíì gbé ìrù ẹ̀ sókè tó fi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló sọ fún mi pé akọ ni, pé ológbò tó bá ti ní dúdú àti pupa pọ̀ lára, abo ni, ká tó rí akọ kan tó rí bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́. Ó ní ara kúrómósómù X (ohun kan nínú ara tó ń pín ẹ̀dá sí akọ àti abo) ni àwọ̀ méjèèjì wà, X kan sì ni akọ ní, abo ló ní méjì. Ó wá gbé ìrù ẹ̀ sókè, èmi náà wò ó. Hà.

Bó ṣe di pé wọn ò tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá mọ́ nìyẹn, ilé ọmọ ni wọ́n máa yọ, ìyẹn sì ni kí wọ́n la ikùn, owó ẹ̀ wọ́n ju ti akọ lọ ní ₦10,000. Ta ló máa san án? Mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, mo rí i pé wọ́n ti kà á, wọn ò fèsì. Ọjọ́ kejì, wọn ò fèsì. Ìgbà tí wọ́n máa fèsì, wọ́n ní owó akọ ni mo san. Mo ní ẹ̀yin lẹ kọ akọ sí káàdì, èmi kọ́, mo ya fọ́tò káàdì mo fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi fà á kí wọ́n tó gbà pé ká pín in sí méjì. Owó yẹn gan-an kọ́ ló dùn mí. Ológbò lè lóyún látìgbà tó bá ti pé oṣù mẹ́rin, oṣù méjì péré ló sì máa fi gbé e, tí kì í bá ṣe nẹ́ẹ̀tì tó wà lójú wíńdò mi ni, màá ti di ìyá àgbà. Ẹni tó jẹ́ pé torí kí ọmọ ológbò má pọ̀ jù ní títì ló ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí, kò yẹ kó ṣi abo mú fún akọ. Mo ti yí orúkọ ẹ̀ padà sí Ìyálóde. Kò jẹ́ Baálé, kò sì jẹ́ Ìyálóde, ìró agolo sàdín ló ń dá lóhùn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Ọ̀sẹ̀ kejì tó dé ọ̀dọ̀ mi ni mo rí eégbọn lára ẹ̀ (ìyẹn náà, ọ̀dọ̀ wọn ló ti kó o wá, ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn). Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn ẹran ní àdúgbò, wọ́n fún mi ní oògùn ìkán-sára kan tí àwòrán ajá wà lára ẹ̀. Mo ní ológbò ni mo ní o. Ẹni tó tà á ní bákan náà ni, kí n kàn dín in kù. Mo kán an méjì sí i lẹ́yìn ọrùn ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kò tó wákàtí méjì, etí ẹ̀ ti ń já, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń gbọ̀n, ó fẹ́ rìn ó ń ṣubú. Mo ya fọ́tò ike oògùn yẹn mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin Kẹtu tó fún mi ní ológbò, mi ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tó fi pè mí. Kò kí mi rárá. "Permethrin ni wọ́n kọ síbẹ̀. Gbé e sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ báyìí báyìí, kó má gbóná o, fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ ọrùn ẹ̀, fọ̀ ọ́ dáadáa." Mo ti ń wá epo pupa tí mo máa rọ sí i lẹ́nu, ó pariwo pé rárá, pé ara ni oògùn wà kì í ṣe ikùn, tí epo bá gba ọ̀nà òdì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ó wà lórí fóònù títí mo fi fọ̀ ọ́ tán, tí mo fi táwẹ̀lì nù ún, tí mo wé e mọ́ àyà. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè pa irú oògùn yẹn kú bíi ti ajá, pé bẹ́ẹ̀ náà ni Panadol, hóró kan ṣoṣo tó fún èèyàn ní ìtura lè pa ológbò. Aago méje àárọ̀, dókítà ti ń retí mi, òun ló ti pè é sílẹ̀. Ojú ilẹ̀ kíṣìnnì ni mo sùn sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti táwẹ̀lì àti ológbò, inú ìyàrá ń rùn ọṣẹ abọ́. Ó yè. Tí mo bá rántí òru yẹn, ẹnu mi kì í lè le sí wọn bó ṣe yẹ kó le.

Káàdì oúnjẹ wọn dáa, èdè tó yé èèyàn ni wọ́n fi kọ ọ́: ṣáwá tàbí adìẹ bíbọ̀, kò síyọ̀, kò sí Maggi, kò sí àlùbọ́sà rárá, mílíìkì màlúù ń fún un nígbẹ̀ẹ́ gbuuru. Èmi ti ń fún un ní ẹ̀bà tẹ́lẹ̀ o. Wọ́n ní ẹran àti ẹja ló ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní taurine, èyí tí kò bá rí i jẹ lè fọ́jú. Àbúrò mi tó lóyún náà wá kí mi, wọ́n ti kọ ọ́ sí káàdì pé aláboyún ò gbọdọ̀ kó ìgbẹ́ ẹ̀, kí n sì máa kó o lójoojúmọ́, torí kòkòrò tó ń ṣe aláboyún níbi, tó bá wà nínú ìgbẹ́ náà, ó máa ń lò ju ọjọ́ kan lọ kó tó lè ranni.

Ṣé ó ń pa eku? Méjì péré ni mo ti rí láti oṣù mẹ́jọ. Àmọ́ òórùn ẹ̀ ti lé àwọn tó kù jáde, gbogbo wọn ló kó lọ sí yàrá Mọ́mì Táyé, ó sì ti wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n yá òun ní ológbò lálẹ́ ọjọ́ kan péré kó wá ṣiṣẹ́. Àdéhùn tí mo tọwọ́ bọ̀ ní mi ò gbọdọ̀ yá ẹnikẹ́ni, mi ò gbọdọ̀ fi tọrẹ, tó bá sú mi àwọn ni kí n dá a padà fún. Mo fi ìwé yẹn hàn án. Ó ní ṣé èmi náà ti ya wèrè ni.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún wọn. Ẹ pè wọ́n lóòórọ̀ o, tó bá ti di ọ̀sán wọn kì í gbé e. Ajá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ni ọ̀kadà gbá lẹ́sẹ̀ àmọ́ ó ti ń rìn, alábahun kan sì wà tẹ́nikẹ́ni ò mọ olówó ẹ̀. Àwọn ọmọ ológbò ló ń yá kúrò níbẹ̀, àwọn àgbà ló ń pẹ́. Akọ olójú kan kan wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ló jókòó sí ní gbogbo ìgbà tí mò ń kọ fọ́ọ̀mù, mo bèèrè ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ṣì wà níbẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó mú apẹ̀rẹ̀ dání, kó fi páálí Indomie sílé.