Octave lórí láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó: ohun tí ojú mi rí ní Ọbáńtokò

Sátidé mẹ́jọ gbáko ni mo ti fi GNU Octave, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún nínú yàrá kan tí mo háyà ní Ọbáńtokò, ní Abẹ́òkúta níbí. Ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì, wọ́n ti wà ní ọdún kẹta, ìṣirò ọ̀rọ̀ omi ló ń dà wọ́n láàmú. Láptọ́ọ̀pù mẹ́ta péré la ní, RAM èyí tó lágbára jù kò sì ju 4 GB lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń rò ó bóyá kí òun fi Octave sórí ẹ̀rọ òun, èmi ní kó fi sí i, lónìí tó bá ṣe é ṣe.

MATLAB, ètò ìṣirò bíi tirẹ̀ tí wọ́n ń tà, ni gbogbo wa mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì dára. Àmọ́ owó rẹ̀ ju agbára ọmọ iléèwé lọ, ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n ti kíráàkì fi kún ìgboro. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi kíráàkì sí i, fáírọ́ọ̀sì sì bá a wọlé. Gbogbo ìròyìn SIWES (iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ níléeṣẹ́) tó ti kọ ló bá a lọ. Ọmọ náà sunkún níwájú mi, ó ṣì ń dùn mí di báyìí. Octave kì í gba kọ́bọ̀. Òfin rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbà kí o ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fi dátà wà á jáde, fíláàṣì ni mo sì fi gbé e sórí àwọn ẹ̀rọ tó kù. Láti ìgbà náà, a ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti fi lò ó.

Inú mi tún dùn sí ibi tó ti ṣẹ̀ wá. MATLAB fúnra rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n Cleve Moler ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní yunifásítì New Mexico, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ṣe ìṣirò láì kọ́kọ́ kọ́ Fortran, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ti Octave kò jìnnà sí i: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà ń fi àkókò wọn wá ìdí tí Fortran wọn kò fi ṣiṣẹ́, ẹ̀kọ́ gan-an kò wá ráyè. John W. Eaton bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní 1992, ẹ̀dà 1.0 jáde ní 1994. Orúkọ olùkọ́ rẹ̀, Octave Levenspiel, ló fi sọ ọ́, ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìṣirò wéréwéré lórí bébà. Nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe ṣe é, èèyàn sì ń rí i bó ṣe ń lò ó.

Sátidé kẹrin ni mo fẹ́ sọ. Òjò ńlá ti rọ̀ mọ́jú, gọ́tà ẹ̀yìn ilé kún, omi ya bo ojú títì. A mú tépù jáde láti ṣírò omi tí gọ́tà náà lè gbé. Fífẹ̀ gọ́tà náà jẹ́ mítà 1, jíjìn rẹ̀ 0.6. A fi ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ sí mítà 1 nínú 200, a sì mú n inú fọ́múlà Manning, nọ́ńbà tó ń sọ bí ojú gọ́tà ṣe ń dá omi dúró tó, ní 0.013 torí pé kọnkéré ni. Pẹ̀lú kálíkúlétọ̀, jíjìn omi kan ṣoṣo ló máa ń gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Nínú Octave, a kọ y = 0.05:0.05:0.6, jíjìn méjìlá ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. A kọ A = 1*y, ìyẹn fífẹ̀ nígbà jíjìn omi, a kọ P = 1 + 2*y, ìyẹn ilẹ̀ gọ́tà àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí omi kàn. Ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ wá kọ R = A/P, èyí tí fọ́múlà náà fi ń ṣírò omi tó ń kọjá.

Kò sí àṣìṣe kankan tó hàn. Ìlà tó yọ lójú kọ̀ǹpútà, tó ń fi omi tó ń kọjá ní jíjìn kọ̀ọ̀kan hàn, gún gbọọrọ bí ọ̀pá. "Mà, ó ti ṣiṣẹ́!" Mo ní kí wọ́n tún un wò. Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ló sọ̀rọ̀: "Mà, tí omi bá kéré, ilẹ̀ gọ́tà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa dá a dúró ju ìgbà tó pọ̀ lọ. Ṣé kò yẹ kí ìlà yẹn tẹ̀?" Ó yẹ kó tẹ̀ lóòótọ́. Àmì tó-tò (.) kan ṣoṣo ló sọnù: A./P ló yẹ kí wọ́n kọ, kí Octave lè pín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan fún ẹnìkejì rẹ̀. Láìsí àmì yẹn, ó gbà pé mátíríìsì, ìyẹn gbogbo nọ́ńbà náà lápapọ̀, la fẹ́ pín, ó wá nọ́ńbà ẹyọ kan tó sún mọ́ gbogbo wọn, ó gbé e fún wa wọ́ọ́rọ́. A tún un ṣe, ìlà náà sì tẹ̀.

A wá ka ohun tó wà lójú rẹ̀. Tí gọ́tà bá kún dé 0.6, omi tó ń kọjá jẹ́ 1.37 mítà onígun mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí iyanrìn bá ti gba ìdajì, tó ku 0.3, ó já sí 0.53 péré. Ìdajì gọ́tà kò gbé ìdajì omi! Ilẹ̀ oníyanrìn tún le fún omi ju kọnkéré lọ, nítorí náà èyí tó ń kọjá gan-an kò tó bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ́ wọn ní fọ́múlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì rí lórí pátákó, n kò rí kí ojú wọn là bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní àléébù o. Lórí láptọ́ọ̀pù tó gbó jù, ó máa ń pẹ́ kó tó ṣí. Ojú fèrèsé dúdú ti CLI, níbi tí a ti ń tẹ àṣẹ nìkan, ni a ń lò níbẹ̀, ó sì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀kọ́ control (bí a ṣe ń darí ẹ̀rọ) gbọ́dọ̀ fi package, ìyẹn àfikún irinṣẹ́, kún un, kó sì máa kọ pkg load control nígbàkúùgbà tó bá ṣí i. Wọ́n máa ń gbàgbé. Kò ní Simulink, apá MATLAB tí wọ́n fi ń ya àwòrán ètò ẹ̀rọ láti dán an wò. Tí olùkọ́ rẹ bá ní Simulink dandan ni òun fẹ́, Octave kò ní gbà ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí kò ní láptọ́ọ̀pù lè lo Octave Online, ìkànnì tí Octave ti ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù, dátà ló máa jẹ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti A/P yẹn, pé ó lè fún ọ ní ìdáhùn tí kì í ṣe òótọ́ láì pariwo. Nítorí rẹ̀ ni n kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun kó tó fi ọwọ́ ṣe jíjìn kan sínú ìwé. Tí ti ìwé àti ti kọ̀ǹpútà kò bá dọ́gba, a ò kúrò níbẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀, ẹ̀bá ọjà Kútọ̀ là ń lọ. Tépù méjì la máa gbé dání àti irin gígùn kan tí a máa fi wọn bí iyanrìn ṣe jìn tó nínú gọ́tà ibẹ̀, ọmọbìnrin ẹ̀bá fèrèsé yẹn ló sì máa tẹ̀ ẹ́.