Jẹ́sì pupa Tóńgà lórí àtẹ òkìrìkà: ó yẹ ní rírà, àmọ́ ẹ yẹ abíyá rẹ̀ wò

Jẹ́sì ẹgbẹ́ rọ́gíbì líìgì ti Tóńgà, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì, kì í pọ̀ nínú bélì òkìrìkà, síbẹ̀ ó máa ń yọjú. Ẹni tó bá ń ṣa bọ́síkọ̀nà ní Tejúoṣó ní Yábàá, tàbí tó tètè dé Kàtáńgùwà lápá Abúlé-Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú bélì, lè bá a láàárín jẹ́sì Arsenal àti ti Chelsea: aṣọ pupa fòò, funfun díẹ̀ lára rẹ̀, tó wúwo lọ́wọ́ ju ti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá lọ. Àwọn tó ń tà á kì í sábà mọ ohun tó jẹ́, kì í sì í wọ́n bíi ti Arsenal. Fún ẹni tó ń gbá rọ́gíbì ní Èkó, ọjà gidi ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Oríṣi rọ́gíbì méjì ló wà, líìgì àti yúníọ̀nù, ẹgbẹ́ méjèèjì ló sì ń wọ pupa ní Tóńgà. Ti líìgì, tó jẹ́ èèyàn 13 lórí pápá, ni wọ́n ń pè ní Mate Ma'a Tonga. Ti yúníọ̀nù, èèyàn 15, ni 'Ikale Tahi. Ẹ wá orúkọ Mate Ma'a Tonga lára àmì àyà tàbí lẹ́yìn ọrùn. Bí àsíá bá wà lára rẹ̀, pupa ni, igun òkè kan funfun, àgbélébùú pupa sì wà nínú funfun yẹn. Ti Switzerland ni àgbélébùú funfun lórí pupa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín mọ́ Tóńgà.

Ẹgbẹ́ tó ni aṣọ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré, bí ìlú rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Gbogbo èèyàn Tóńgà ò ju nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ. Múṣin nìkan jù wọ́n lọ fíìfíì. Ní 2017, Jason Taumalolo, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Níú Sílándì rí, yàn láti wọ pupa. Nínú Ife Àgbáyé ọdún náà, Tóńgà na Níú Sílándì 28 sí 22 ní Hamilton, ó sì jẹ́ pé àmì méjì péré ni Ẹ́ńgíláǹdì fi lé wọn jáde ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, 20 sí 18. Ní 2019, wọ́n na Ọsirélíà 16 sí 12 ní Auckland. Wọ́n tún lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ẹ́ńgíláǹdì ní 2022 àti 2023, nítorí náà kò yani lẹ́nu bí bélì Yúkéè bá gbé jẹ́sì wọn wá.

Ó kan aṣọ fúnra rẹ̀ wàyí. Abíyá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe àmì àyà. Nínú líìgì, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n máa dì yín mú kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ló sì sábà máa ń rọ́ lu ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Èjìká àti apá ni wọ́n ń fà. Ojú ìrán mẹ́rin ló sì pàdé lábẹ́ abíyá, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já. Ẹ ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú aṣọ, ẹ na abíyá síta, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí òwú bá ń là sílẹ̀ bí eyín ọmọdé láàárín ojú ìrán, kò ní pẹ́ já. Èyí tí wọ́n fi ègé aṣọ onígun kan tó ń fà sábẹ́ abíyá ló dára jù, torí pé ojú ìrán ò pàdé sójú kan níbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá padà sípò kíákíá, rọ́bà inú òwú ti kú, ẹ̀rọ ìgbẹṣọ gbígbóná ló sábà ń pa á. Ẹ fi irú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kò sí télọ̀ tó lè tún un ṣe.

Oríṣi méjì ni ìgé rẹ̀. Ti agbábọ́ọ̀lù fún mọ́ra kí ọwọ́ ọ̀tá má baà rí ibi dì mú. Ti olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tú díẹ̀. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sọ́rùn gbọ́, ẹ mú tépù dání. Ẹ tẹ́ jẹ́sì náà, kí ẹ wọn abíyá dé abíyá. Bí àyà yín bá jẹ́ ínṣì 40, ti olólùfẹ́ á jẹ́ 21 sí 22, ti agbábọ́ọ̀lù á jẹ́ nǹkan bí 19 sí 20.

Ní ti nọ́ńbà àti àmì, ẹ yí aṣọ padà. Bí inú bá funfun tí ìta sì pupa, àwọ̀ ti wọnú òwú, kò ní bó. Bí nọ́ńbà bá ga lójú aṣọ nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, ooru ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ etí rẹ̀, bó bá ń ṣí, yóò bó tán láìpẹ́. Bọ́tìnì ọrùn, bó bá ní, rọ́bà ló yẹ kó jẹ́, torí èyí tó le lè ya èèyàn lójú.

Fífọ̀ rẹ̀ ò ṣòro: omi tútù, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ má fi Hypo sí i rárá torí pé ó ń jẹ rọ́bà, ẹ sá a síbòji. Áyọ́ọ̀nù elédùú ò dára fún un, torí kò sí bí ẹ ṣe lè dín ooru rẹ̀ kù, nọ́ńbà á sì yọ́.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ rán tirẹ̀ dípò kó ṣa òkìrìkà nílò 17 ó kéré tán: 13 lórí pápá, 4 lórí bẹ́ńṣì. Kí ẹ rán 20, torí ìkan á ya. Ẹ má ra aṣọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù tó fẹ́lẹ́ ní Balógun fún un. Èyí tó nípọn, tó tó gíráàmù 240 ní mítà kan níbùú lóròó, ni kí ẹ béèrè, kí télọ̀ sì fi abẹ́rẹ́ méjì rán èjìká.

Òkìrìkà tí abíyá rẹ̀ lera, tí rọ́bà rẹ̀ ṣì yè, sàn ju tuntun tí wọ́n rán kánmọ́kánmọ́ lọ. Bí ẹ bá rí àmì èbu dúdú lọ́rùn, ẹ má dúró ná an, kò ní lọ.