Àwọn Ọba Onírin ní Prado: Àbọ̀ Ìbẹ̀wò Mi sí Madrid

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ọlọ́lá Yúróòpù àtijọ́ ṣe ń fi àwòrán kéde agbára wọn, kó lọ sí ilé àwòrán Prado ní Madrid. Yúrò 15 ni tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo lọ. Ọ̀fẹ́ ni láago mẹ́fà sí mẹ́jọ alẹ́, Ajé sí Sátidé, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ sanwó kí ẹ sì lọ láàárọ̀: àwòrán tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ti Olú-ọba Charles Karùn-ún lórí ẹṣin, ga ju mítà mẹ́ta lọ, ó sì yẹ kí ẹ ráyè sún sẹ́yìn wò ó dáadáa.

Titian, ará Ítálì, ló yà á ní 1548. Charles, tó jọba lórí Sípéènì àti Jámánì, ló wà lórí ẹṣin, nínú ihámọ́ra irin, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ gígùn lọ́wọ́. Ogun Mühlberg ni wọ́n fi ń rántí, níbi tó ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ aládé Pùròtẹ́sítáǹtì ní Jámánì ní oṣù kẹrin 1547. Síbẹ̀, kò sí ọ̀tá nínú rẹ̀. Kò sí òkú, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò tilẹ̀ sí ọmọ ogun kan tó tẹ̀ lé e. Aretino, òǹkọ̀wé tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Titian, dábàá pé kó ya Ẹ̀sìn àti Òkìkí bí ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ ọba. Titian kò ṣe bẹ́ẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ọba tó dá wà nínú pápá láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni, kí ló tún kù tí a fẹ́ sọ nípa agbára rẹ̀?

Ojú rẹ̀ ni mo wò jù. Àrùn gout, tó ń mú oríkèé ara wú kó sì máa ro ni, ti ń dà á láàmú tipẹ́ nígbà yẹn. Ojú náà rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú, Titian kò sì fi èyíkéyìí pamọ́. Irin ló nàró fún un, irin ló ń dán, àgbò wúrà kékeré tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá gíga jùlọ ń so mọ́ ọrùn sì wà láyà rẹ̀. Ihámọ́ra náà ń ki ọba bí akéwì ṣe ń ki í, ó ń pe ohun tí ara aláìsàn kò lè pè mọ́.

Ojúlówó ihámọ́ra náà ṣì wà nínú àkójọ ihámọ́ra ọba ní Madrid kan náà. Desiderius Helmschmid ti Augsburg ló rọ ọ́. Ẹ rí i pé ẹ lọ wò ó, kí ẹ lè mọ bí ọ̀nà wúrà ara rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti bí Titian ṣe fi ọ̀dà funfun díẹ̀ mú kí irin tàn.

Kí ẹ tó kúrò ní Prado, ẹ wá àwòrán Philip, ọmọ Charles, tí Titian yà ní 1551. Òun dúró ni, ọwọ́ kan lórí àṣíborí, èkejì lórí idà. Philip kọ̀wé pé ó hàn pé Titian kánjú ya òun. Mo dúró wo ìtànṣán ara irin ìgbáyà yẹn dáadáa, n kò gbà fún un. Wọn kì í jẹ́ kí a ya fọ́tò níbẹ̀, nítorí náà ẹ fi ojú wò ó tó.