Òṣíbàtà, ojú oró tàbí water hyacinth: èwo ni kí ẹ rà fún adágún inú ọgbà yín ní Àgbádárìgì?

Nínú àdúrà, ọgba ni òṣíbàtà àti ojú oró: ọ̀kan ń lékè odò, èkejì ń lékè omi. Níwájú ẹni tó ń ta òdòdó létí títì, ẹ má kà wọ́n sí ọgba. Òṣíbàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé.

Gbòǹgbò ló fà á. Inú ẹrẹ̀ ni ti òṣíbàtà ń wà, ewé àti òdòdó nìkan ló ń yọ sókè, torí náà ibi tí ẹ bá gbé e sí ló ń jókòó sí. Ti ojú oró ń rọ̀ sínú omi bí irùngbọ̀n, kò di ilẹ̀ mú, atẹ́gùn ló ń tì í kiri. Ẹ ju díẹ̀ sí i, láìpẹ́ ẹ ó máa fi agbọ̀n kó o dànù. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò wọ́n, kò béèrè ilẹ̀, ó sì ń fa ìdọ̀tí ẹja mu kí omi má baà tètè ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Mansonia: ìdin rẹ̀ kì í gòkè wá mí bíi ti àwọn ẹ̀fọn yòókù, ara gbòǹgbò ojú oró ló ti ń fa afẹ́fẹ́, ó sì ṣòro fún ẹja láti rí i mú níbẹ̀. Tí adágún yín bá wà lábẹ́ fèrèsé yàrá, ẹ gbàgbé ojú oró.

Òṣíbàtà náà ní ìyọnu tirẹ̀. Ó ń fẹ́ oòrùn bíi wákàtí 6 lójúmọ́. Lábẹ́ igi máńgòrò, ewé lásán ni yóò máa hù. Inú báàfù tó kún fún ilẹ̀ amọ̀ ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, kí omi tó wà lórí rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 60. Ẹ bèèrè àwọ̀ kí ẹ tó sanwó: funfun ti ilẹ̀ wa, alẹ́ ló ń tanná, á sì ti pa dé kó tó di ọ̀sán. Ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló bá mu jù. Ẹni tó bá fẹ́ rí òdòdó lọ́sàn-án, kó ra aláwọ̀ búlúù.

Water hyacinth ńkọ́? Òdòdó rẹ̀ wu ojú, ẹ má rà á. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, ojú omi Àgbádárìgì níbí ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ kíyè sí i ní Nàìjíríà lọ́dún 1984. Àwọn apẹja mọ ìyókù. Èso rẹ̀ lè sùn sínú ẹrẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hù, òjò ńlá kan sì tó láti gbé e láti ọgbà yín dé ọ̀sà.

Ẹ̀yin tí ilé yín súnmọ́ òkun, ẹ tọ́ omi kànga wò. Tó bá níyọ̀, kò sí èyí tó máa gbádùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Omi òjò ni kí ẹ lò. Ẹ má sì da epìyà púpọ̀ sí adágún tí òṣíbàtà wà: ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ jẹ.